Rédíétọ̀ tí Ìyá Gbà Lọ́wọ́ Àna

Ìwà ìrẹ́jẹ kan wà tí a ti fi aṣọ ọ̀wọ̀ bò mọ́lẹ̀ láàárín wa, tí ẹnikẹ́ni kò sì fẹ́ ká aṣọ náà sókè kí wọ́n má baà sọ pé kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Èmi yóò ká a. Mo ti dàgbà tó láti fara da ohunkóhun tí wọ́n bá pè mí, ìyà tí ìwà náà sì fẹ́ fi jẹ ẹni rere kan kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti jẹ́ tíṣà ọ̀dọ́ ní Ìlobù, ní àkókò tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àwọn ọmọ kún yàrá ìkàwé títí tí àwọn mìíràn fi ń jókòó sílẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tí ó bá jẹ́ àna rẹ lè ta ọjà bíbàjẹ́ fún ọ, ìwọ kò sì gbọdọ̀ yẹ ọjà náà wò kí o tó gbé e lọ.

Ẹni rere náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Gbogbo ilé ń pè é ní Ìyá, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó sì ṣe máa pè é níhìn-ín. Òwò èlùbọ́ ni ó ń ṣe. Ó ń ra iṣu gbígbẹ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ oko Ìlobù àti ti Ìfọ́n, ó sì ń kó o lọ sí ìdí ọkọ̀ ojú irin ní Òṣogbo. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi bẹ àwọn ọlọ́kọ̀ kí wọ́n tó gbé ẹrù rẹ̀. Bí wọ́n bá sì gbé e, orí ẹrù ẹlòmíràn ni wọn a jù ú sí, òjò a pa á, gbogbo rẹ̀ a bu. Nígbà tí ó sú u, ó ra lọ́rì tirẹ̀, àlòkù, onípákó lẹ́yìn, irú èyí tí à ń pè ní bọ̀lẹ̀kájà. Obìnrin kankan kò tíì ní ọkọ̀ ní gáréèjì wa rí.

Ìtò wà ní gáréèjì náà. Ọkọ̀ tí ó bá wà nínú ìtò ni ó ń gbé èrò àti ẹrù ní ọjọ́ ọjà. Èyí tí kò bá sí nínú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni yóò ti máa ṣa èrò bí adìyẹ ṣe ń ṣa àgbàdo. Ìyá jà títí ó fi rí àyè nínú ìtò, inú àwọn ọlọ́kọ̀ kò sì dùn sí i. Ní ọjọ́ tí wọ́n gbà á wọlé, olórí gáréèjì sọ ọ́ sí i létí ní gbangba.

“Ìyá, ọkọ̀ kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀ o. Bí ó bá hó, a kì í yọ igi lábẹ́ rẹ̀.”

“Bí ó bá hó, n ó bu omi sí i,” ni Ìyá wí. “Ẹ̀yin tí ẹ ń hó lójoojúmọ́ yìí, ta ní ń bu omi sí yín?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣọ́ ọ. Òfin kan wà tí wọn kò rántí fún ọkùnrin, tí wọ́n sì ń rán Ìyá létí ní gbogbo ìgbà: ọkọ̀ tí kò bá yọjú ní ọjọ́ ọjà méjì tí ó tẹ̀ léra, àyè rẹ̀ di ti ẹlòmíràn.

Rédíétọ̀ ọkọ̀ náà ni ó fẹ́ já Ìyá kulẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, òun ni àpótí irin pẹlẹbẹ tí ó wà ní imú ọkọ̀, tí omi gbígbóná ń gba inú àwọn ihò tín-ín-tín-ín rẹ̀ kọjá kí ó lè tutù kí ó tó padà sínú ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ti fi iná jó ojú ibi tí ti Ìyá ti ń jò títí, ó ti dà bí aṣọ tí a lẹ̀ tí a tún lẹ̀, tí a kò mọ èwo ni aṣọ nínú rẹ̀ mọ́. Ó tú dànù ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà kan, ọkọ̀ kò lè kúrò nílé. Mẹkáníìkì tí ń tún un ṣe, ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lábẹ́ igi òdán ní ọ̀nà Ìfọ́n, tú u sílẹ̀, ó gbé e sókè sí oòrùn, a sì ń rí ojú ọ̀run láti inú rẹ̀.

“Ìyá, èyí ti di ajọ̀. Ẹ máa fi jọ èlùbọ́ yín.”

“Jó o lójú lẹ́ẹ̀kan sí i.”

“Ibo ni n ó fi iná sí? Ojú dà?”

Ọjọ́ ọjà kan ti lọ báyìí. Bí èkejì bá lọ, àyè tí Ìyá jà fún ti lọ nìyẹn, yóò sì padà di ẹni tí ń bẹ àwọn ọlọ́kọ̀ kí wọ́n tó gbé ẹrù rẹ̀. Tuntun kò sí nítòsí. Bí a bá ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, ọjà yóò ti ná, yóò ti tú, kí ó tó dé. Àlòkù nìkan ni ó kù, ẹnì kan ṣoṣo ni ó sì ń ta á ní agbègbè wa: ọkùnrin kan ní Ìfọ́n tí ó máa ń ra ọkọ̀ tí ó ti dojú dé, tí ó ń tú u, tí ó sì ń ta ẹ̀yà ara rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ọkùnrin yìí gan-an ni bàbá ọmọbìnrin tí ọmọ Ìyá fẹ́ fẹ́. Ọmọ Ìyá yìí, ẹ̀gbọ́n mi ni, òun ni ó sì ń wa ọkọ̀ ìyá rẹ̀. Ìdána ti kọjá, ó ku kí wọ́n so yìgì.

Ìlobù àti Ìfọ́n kò jìnnà síra rárá. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ a máa mú wa fajú ro síra wa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ a ń fẹ́ ọmọ ara wa, a sì ń sin òkú ara wa. Àwa mẹ́rin ni a lọ: Ìyá, ẹ̀gbọ́n mi, mẹkáníìkì àti èmi. A bá àna níwájú ilé rẹ̀, ó jókòó sórí àga, ó fi tẹ̀sùbáà kọ́ ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì dìde. Ìyá kúnlẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó dàgbà jù. Ẹni tí ó bá fún ni lọ́mọ kì í kéré.

“Ẹ dìde, ẹ dìde, ẹ̀yin àna mi. Kí ni ará Ìlobù tún ń wá ní Ìfọ́n? Àbí ilẹ̀ wa ni ẹ tún wá wọ̀n?”

“Ọmọ yín ni a wá gbà, àna mi. Bí a bá ti rí ọmọ, ẹ lè di ilẹ̀ yín sápò,” ni Ìyá dáhùn.

Àna rẹ́rìn-ín títí, ó sì ní kí wọ́n gbé rédíétọ̀ kan jáde. Wọ́n ti kun ún ní ọ̀dà dúdú, ó ń dán bí dígí. Ó fi ọwọ́ gbá a pẹ́pẹ́. “Bí ẹ bá rí irú èyí ní Ìbàdàn, ẹ wá gé mi létí.”

Mẹkáníìkì wa bẹ̀bẹ̀ ohun kan. “Bàbá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí a bu omi sí i lókè, kí a wo bí yóò ṣe tú jáde nísàlẹ̀.”

Àna ń fi eyín nìkan rẹ́rìn-ín.

“Omi? Ó dára. Ẹ bu omi sí i. Ẹ kúkú bá mi pe ọlọ́pàá kí ó wá wò ó.”

Ẹ̀gbọ́n mi tún dọ̀bálẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá yára dá sí i. “Ẹ má dá a lóhùn, àna mi. Ẹni tí ó fún wa ní ọmọ rẹ̀, ṣé irin ni yóò wá fi tàn wá jẹ?”

Kí ẹ mọ irú obìnrin tí ó sọ ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí àpò iṣu gbígbẹ kan tí Ìyá rà rí tí kò ti ọwọ́ bọ̀ dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àlejò ní Òṣogbo ni ó ń ta rédíétọ̀ náà, odindi odò ni ìbá gbé dà sí i. Ṣùgbọ́n a kì í yẹ ẹrù àna wò. Ẹni tí ó bá yẹ̀ ẹ́ wò ti sọ pé olè ni àna òun, ẹni tí ó bá sì sọ bẹ́ẹ̀ kò ní ìyàwó tí yóò gbé wálé mọ́. Ọkùnrin tí ó jókòó sórí àga yẹn mọ èyí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, òun ni ó sì fi ń jẹun. Ìyá san owó rẹ̀, ó sì tún dúpẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.

Bí wọ́n ṣe so rédíétọ̀ náà mọ́ ọkọ̀ dùn ún wò. Ara ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n ti tú u, etí rẹ̀ kò sì bá ihò tiwa dọ́gba. Mẹkáníìkì gé irin pẹlẹbẹ, ó lu ihò sí i, ó fi í ṣe afárá láàárín etí àti ihò. Ó gé táyà gbígbó sí abẹ́ rẹ̀ kí gbágungbàgun ojú ọ̀nà má baà là á. Ẹnu rọ́bà tí omi ń gbà kọjá tóbi ju ẹnu rédíétọ̀ náà lọ. Ó fi tíúbù kẹ̀kẹ́ wé e, ó sì fi wáyà dì í pinpin. Ìyá gbé odó kan dojú dé, ó jókòó lé e lórí, òun ni ó ń na sípánà sí i.

“Eléyìí ńkọ́, kí ni iṣẹ́ tirẹ̀?”

“Fáànù ni, Ìyá. Òun ni ń fẹ́ ẹ.”

“Bí ó bá kan irin tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ so yìí ńkọ́?”

Mẹkáníìkì dúró. Ó fi ọwọ́ yí fáànù náà, ó kan irin lóòótọ́. Ó tú u, ó sì tì í síwájú díẹ̀. Mi ò tíì rí obìnrin tí ń kọ́ iṣẹ́ tí kò ní fi ọwọ́ ṣe láéláé, nítorí pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún rí òun tàn mọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga lẹ́yìn ìgbà náà kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, tí ọjà ku ọ̀la, a wa ọkọ̀ náà jáde láti dán an wò. A kò tíì dé Ẹ̀rìn tí èéfín fi bo iwájú wa. Ẹ̀gbọ́n mi dúró sẹ́bàá ọ̀nà, ó fi àkísà ṣí ìdérí, omi gbígbóná sì tú sókè. Mẹkáníìkì tú rọ́bà ìsàlẹ̀, ó ń retí kí omi dà. Nǹkan kan kò dà. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fà á jáde, ó gbé e sí imú, ó sì kọjú sí wa.

“Ìyá, ẹ̀kọ ni.”

“Ẹ̀kọ kí ni?”

“Ẹ̀kọ gbígbóná. Àkàrà nìkan ni ó kù.”

Ó sọ fún wa bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Rédíétọ̀ tí ó bá ń jò, oníjìbìtì a da ògì sí i, a sì fi omi gbígbóná lé e. Ògì a dì, a sì dí ihò tí ń jò. Ẹni tí ó bá rà á kò ní rí i kí ó kán, ṣùgbọ́n ògì náà ti dí ọ̀nà omi pẹ̀lú. Bí a bá ti bu omi sí i níwájú ilé àna, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ìbá ti jẹ́rìí.

Inú bí mi gidigidi. Mo ní ọlọ́pàá ni. Mo ní kóòtù ìbílẹ̀ ni. Mo ní n ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn.

“Tíṣà,” ni Ìyá wí, “bí o bá kọ ọ́ tán, ṣé yóò ti jáde kí ọjà ó tó ná lọ́la?” Ó wá yíjú sí mẹkáníìkì, ẹni tí ó ti ń wá wáyà láti fi gún ògì náà jáde. “Má yọ ọ́. Fi í sílẹ̀ bí ó ṣe wà.”

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀. “Ìyá, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ìyàwó mi bọ́ lọ́wọ́ mi.”

“Ìyàwó rẹ kò ní bọ́. Bí a bá dé ọ̀hún, dọ̀bálẹ̀, kí o sì pa ẹnu rẹ mọ́. O kúkú mọ ìdọ̀bálẹ̀ ṣe ju ọkọ̀ wíwà lọ.”

A rọra wa ọkọ̀ náà padà, à ń dúró, à ń bu omi sí i, títí a fi dé abẹ́ igi òdán. Mẹkáníìkì tú rédíétọ̀ náà, ẹ̀gbọ́n mi gbé e lé èjìká, a sì tún mú ọ̀nà Ìfọ́n pọ̀n. Ìyá kò kánjú. Ó mọ̀ pé lẹ́yìn ìrun alásárì, àwọn àgbà a máa yà sí iwájú ilé àna. A bá wọn níbẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tí àna rí ohun tí ó wà ní èjìká ẹ̀gbọ́n mi, ojú rẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n Ìyá ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

“Àna mi, ẹ̀yin àgbà, àwa ni a jẹ̀bi. A gba ohun rere lọ́wọ́ àna wa, a sáré so ó mọ́ ọkọ̀, a kò jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ àgbà kàn án. Ọkọ̀ ń yọ wá lẹ́nu, mo sì mọ ìdí rẹ̀. A wá bẹ̀ wọ́n ni, kí wọ́n bá wa bu omi àkọ́kọ́ sí i, kí wọ́n sì ṣe àdúà sí i.”

“Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí nìyẹn!” ni bàbá arúgbó kan wí. “Ẹ dá wọn lóhùn, ẹ bu omi.”

“Kò burú,” ni àna wí. “Ẹ gbé e sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la...”

“Ṣé àdúà ni ẹ fẹ́ sùn lé lórí?” ni bàbá arúgbó náà wí.

Àna kò ní ibi tí yóò gbà. Wọ́n gbé omi wá nínú igbá. Ẹ̀gbọ́n mi na rédíétọ̀ dúró, mẹkáníìkì sì ṣí ẹnu rẹ̀ ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Àna ní bìsìmílláì, ó ń bu omi sí i. Ó kún. Ó ń ya sílẹ̀ lókè. Ìsàlẹ̀ gbẹ.

“Omi náà dà?” ni bàbá arúgbó béèrè.

Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, ohun funfun kan yọ ní ẹnu ìsàlẹ̀, ó ń fà bí itọ́ ọmọ ọwọ́. Bàbá arúgbó fi ìka kàn án.

“Ògì nìyí!”

Ìyàwó àna, tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, pariwo kí ó tó ronú. “Ṣé ògì tí ẹ gbà lọ́wọ́ mi tí ẹ ní inú ń run yín kọ́ yìí?”

Àwọn àgbà ń fi etí agbádá bo ẹnu. Èmi fẹ́ kí Ìyá dìde, kí ó sọ ọ́ lójú, kí gbogbo Ìfọ́n gbọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, ó gbé ohùn sókè bo ohùn ìyàwó náà.

“Ẹ má jẹ́ kí ó dùn yín, àna mi! Ẹni tí ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó tàn yín. Ẹ wo ohun tí ayé ń fi olóòótọ́ ṣe!”

Ọ̀rọ̀ yìí ṣí ilẹ̀kùn àbáyọ sílẹ̀ fún un. Àna sì gba ibẹ̀ sáré jáde. “Ayé ti bàjẹ́!” ló ń wí. “Èmi! Wọ́n ta ògì fún èmi!” Bí ó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, kò sí ohun tí ó lè ṣe mọ́ ju ohun tí olóòótọ́ yóò ṣe lọ. Lọ́rì tirẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ó ní kí mẹkáníìkì tú rédíétọ̀ ara rẹ̀ fún wa.

Ìyá ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, ó ní, “Omi àkọ́kọ́ tirẹ̀ náà ńkọ́, àna mi?”

Àna da omi sí i. Ó tú jáde nísàlẹ̀ bí ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀, ó sì rẹ ṣòkòtò funfun rẹ̀ dé orúnkún.

Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní ìwé, mo sì ti jókòó lẹ́sẹ̀ àwọn tí wọ́n ń pè ní ọ̀mọ̀ràn, n kò tíì rí ohun tí ó tó èyí. Obìnrin náà kò da àṣà nù, kò sì jẹ́ kí àṣà da òun nù. Yíyẹ ẹrù wò tí ó jẹ́ èébú lánàá, ó sọ ọ́ di ìyẹ́sí lónìí. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ní ilé wa títí di òní, ẹni tí ó bá ta nǹkan fún wa, ìbáà jẹ́ àna, ìbáà jẹ́ ìbátan, àwa a máa bẹ̀ ẹ́ kí ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ lo ohun náà níṣojú wa, fún àdúà.

Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe Ìyá, n kò sì ní ṣí ilẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. Kí oṣù náà tó parí, mo kọjá níwájú ilé ọkùnrin yẹn, mo sì rí rédíétọ̀ ológì náà. Wọ́n ti tún un kùn. Lẹ́yìn náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹnì kan ti gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn. Àwọn àgbà tí wọ́n fi agbádá bo ẹnu rẹ́rìn-ín mọ̀, wọn kò sọ ohunkóhun, nítorí pé àna ìdajì ìlú ni í ṣe. Ọ̀wọ̀ tí ó bá ń dáàbò bo olè, tí ń fi ẹni tí wọ́n jà lólè sílẹ̀ ní ojú ọ̀nà, kí ni a óò máa pè é? Ẹni tí ó bá mọ orúkọ rẹ̀, kí ó pè é.

Ní ti ọjọ́ ọjà ọ̀la ọjọ́ náà, mẹkáníìkì fi òru so rédíétọ̀ lọ́rì àna mọ́ ọkọ̀ wa, nígbà tí a sì dé gáréèjì ní àárọ̀, ọkọ̀ ẹlòmíràn ti fi imú rẹ̀ sí àyè Ìyá. Olórí gáréèjì dúró tì í.

“Háà, Ìyá! A ti rò pé ẹ kò wá mọ́.”

“Ẹ kò ṣì í rò. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí ẹ ń rò ó. Ó ti mọ́ báyìí. Ẹ bá mi bẹ ọ̀gbẹ́ni yìí kí ó fà sẹ́yìn.”

Ó wo ọkọ̀ wa láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì ń dún jẹ́jẹ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbẹ. Àwọn èrò tí wọ́n ti gbé ẹrù sórí ń wo ẹnu olórí gáréèjì. Ó fi ọwọ́ júwe fún awakọ̀ kejì, ọkọ̀ yẹn sì fà sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi wa tiwa wọ àyè rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ju àpò sókè, ti Ìyá ni wọ́n kọ́kọ́ gbé. Ó ti ọwọ́ bọ ọ̀kan nínú wọn dé ìsàlẹ̀, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù, ó sì gun iwájú ọkọ̀ lọ jókòó.